Àgádágodo Kan, Ilẹ̀kùn Méjì: Ọ̀rọ̀ Modchip àti Àwọn Tó Ń Tún Ẹ̀rọ Géèmù Ṣe ní Onípáànù

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú BRT ní Onípáànù, tí ẹ yà kúrò lójú títì Ìkòròdú wọ inú Ṣómólú lọ, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ igbe "góòlù!" láti inú ṣọ́ọ̀bù géèmù kan. Nítòsí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, yálà ní Onípáànù ni o, ní Fádèyí ni o, àbí ní Bàrígà, ẹ máa ń rí ẹni tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe: tábìlì kékeré kan, áyọ́ọ̀nù gbígbóná, léèdì, àti pádì tó ti kú bíi mélòó kan nínú ike. Ẹnjiníà làwọn ọmọ àdúgbò ń pè é.

"Bọ̀dá ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi chip ẹ̀." Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ gbólóhùn yẹn. Lóde òní wọ́n lè ní "ẹ bá mi hack ẹ̀" tàbí "ẹ bá mi flash ẹ̀". Ọ̀nà ló yí padà, ohun kan náà ni wọ́n ń wá: kí ẹ̀rọ ṣe ohun tí iléeṣẹ́ tó ṣe é sọ pé kò gbọ́dọ̀ ṣe.

Ṣé olè ni ẹnjiníà yìí, àbí oníṣẹ́ ọwọ́? Mi ò ní fi èrò mi pamọ́ títí di ìparí. Àgádágodo tí àwọn iléeṣẹ́ géèmù fi sínú ẹ̀rọ wọn, ilẹ̀kùn méjì ló tì pa pọ̀. Ilẹ̀kùn kìíní ni ti àdàkọ: kí ẹnikẹ́ni má baà da géèmù kọ, kó máa gbá a láìsanwó. Ilẹ̀kùn kejì ni ti àtúnṣe: kí ẹlòmíì má lè pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ àfi iléeṣẹ́ tó ṣe é. Bí òfin bá kàn sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àgádágodo, ilẹ̀kùn méjèèjì ló tì yẹn. Èmi gbà pé ó yẹ ká béèrè kí òfin ṣí ìkejì sílẹ̀ gbangba. Mo sì gbà pé àwa fúnra wa ló yẹ ká ti ìkíní.

Ṣùgbọ́n ká tó jà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí.

Kí ni chip yìí ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí PlayStation àkọ́kọ́, tí Sony gbé jáde ní Jàpáànì ní 1994. Sídì ló ń lò. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó lè kọ sídì lè da gbogbo ohun tó wà lórí sídì géèmù kọ, Sony náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọ́n fi àmì kan pamọ́ síbi tí kọ̀ǹpútà ò lè dà kọ. Ní apá inú sídì, níbi tí lẹ́ǹsì ti kọ́kọ́ ń kàwé, wọ́n jẹ́ kí ojú ọ̀nà tí lẹ́ǹsì ń tọ̀ máa gbọ̀n díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Gbígbọ̀n yẹn ní ìtumọ̀, lẹ́tà mẹ́rin ló ń sọ: SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù, SCEI fún Jàpáànì. Ẹ̀rọ tí à ń fi kọ sídì nílé ò lè mú ojú ọ̀nà gbọ̀n bẹ́ẹ̀, torí pé ojú ọ̀nà ti wà lára sídì òfìfo kí ẹ tó rà á lọ́jà. Àdàkọ á wá ní gbogbo géèmù lára, àmọ́ kò ní ní àmì náà.

Ibẹ̀ ni chip ti wọlé. Ó kéré bí èékánná, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Wọ́n á fi léèdì jó wáyà díẹ̀ látara rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń béèrè pé "lẹ́tà mẹ́rin dà?", chip á yára dáhùn fún sídì pé "òun nìyí." Ẹ̀rọ á gbà, géèmù á ṣí. Ẹ fojú inú wo máígáàdì tó ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí lẹ́nu géètì, tí ẹnì kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń bá gbogbo àlejò dáhùn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe géèmù fura. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyẹ̀wò sínú géèmù láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ń dáhùn nígbà tí wọn ò bi í. Làwọn tó ń ṣe chip náà bá kọ́ chip wọn láti panu mọ́ lẹ́yìn tó bá ti dáhùn tán.

Ẹ wá wo nǹkan kan níbí. Iṣẹ́ méjì ni lẹ́tà mẹ́rin yẹn ń ṣe. Ó ń sọ pé sídì kì í ṣe àdàkọ, ó sì tún ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á. Ká ní ẹ̀gbọ́n yín fi PlayStation ránṣẹ́ láti London, tí àǹtí yín sì fi sídì ojúlówó ránṣẹ́ láti New York. Tí ẹ bá fi sídì yẹn sínú ẹ̀rọ yẹn, kò ní gbà. Ẹ̀rọ ojúlówó, sídì ojúlówó, owó ojúlówó, ẹnikẹ́ni ò sì ja ẹnikẹ́ni lólè. Síbẹ̀ àgádágodo ti tì. Àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ láti ibi gbogbo láyé la mọ bí ìyẹn ṣe ń dunni tó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àgádágodo yìí ti ń ṣọ́ ju ohun tó sọ pé òun ń ṣọ́ lọ.

PS2 tẹ̀ lé e ní 2000, ó sì di ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n tà jù láyé, ó lé ní mílíọ̀nù 155. Chip tirẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹlòmíì ní wáyà tó tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ jó mọ́ ojú ibi tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ láìjẹ́ kí léèdì kan èkejì rẹ̀. FIFA 14 àti PES 2014 ni gbẹ̀yìn àwọn géèmù bọ́ọ̀lù méjèèjì yẹn tí wọ́n ṣe fún PS2. Síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, sídì PS2 tó ní orúkọ agbábọ́ọ̀lù sáà tuntun ò tán lọ́jà wa. Àwọn kan ló ń jókòó tún un kọ.

Flash ńkọ́?

Chip ń dáhùn fún nǹkan ni. Flash ní tirẹ̀ ni kí ẹ yí ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀rọ padà. Nínú ẹ̀rọ géèmù, ibi ìpamọ́ kan wà tí ètò àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ń kà bó bá ti tanná wà. Kí ẹ kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀ ni à ń pè ní flash, bíi ti fóònù náà ni.

Àwọn iléeṣẹ́ mọ̀ pé wọ́n lè gbìyànjú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Xbox 360, tí Microsoft gbé jáde ní 2005, fi ń yẹ ara rẹ̀ wò ní ìpele ìpele. Ètò kìíní á ṣírò nǹkan kan látinú ètò kejì, á fi ìdáhùn wé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọn ò bá dọ́gba, ẹ̀rọ á dúró. Ní 2011, àwọn méjì tí wọ́n ń pe ara wọn ní GliGli àti Tiros sọ ọgbọ́n kan fáráyé. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀rọ máa falẹ̀. Ní àkókò gan-an tó ń fi nọ́ńbà méjì wéra, kí ẹ fọwọ́ kan wáyà tó máa ń mú un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, fún ìgbà tí kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ. Àkókò yẹn kéré jù fún un láti tún bẹ̀rẹ̀. Ó kàn máa ń fẹsẹ̀ kọ ni, á sì sọ pé nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba. Ẹ ti rí ẹni tó ń ka owó tí ẹnì kan wá gbá léjìká? Ó lè gbàgbé ibi tó kà dé, kó ní "ó pé." Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bọ́ sí i, torí náà chip á máa gbìyànjú léraléra títí tí yóò fi bọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn Xbox 360 kan fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún wọn ṣe.

Ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n ṣe fún Nintendo Switch, ẹ̀rọ tó jáde ní 2017. Níbẹ̀, iná tó ń lọ sí ọpọlọ ẹ̀rọ ni chip ń já wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kéré gan-an. Ọ̀kan nínú chip tí wọ́n ń lò ni RP2040, ohun kékeré tí Raspberry Pi ṣe fún ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ju dọ́là mẹ́rin lọ nígbà tó jáde ní 2021.

PS3 ò tiẹ̀ nílò chip. Ìṣirò ló dà á. Kí Sony tó lè fọwọ́ sí ètò kan pé ojúlówó ni, ìṣirò ìfọwọ́sí náà nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá 2010, àwùjọ kan tó ń jẹ́ fail0verflow fi hàn ní Berlin, ní Jámánì, pé nọ́ńbà kan náà ni Sony ń lò ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá ti ṣe simultaneous equation ní sẹ́kọ́ńdìrì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ohun méjì tí a ò mọ̀, ìlà ìṣirò méjì, ìdáhùn á jáde. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ Sony jáde lóòótọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé iṣẹ́ gidi ni èyí. Ẹnjiníà tó mọ ohun tó ń ṣe kì í kàn fi nǹkan tuntun lé ti àtijọ́. Á kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tó wà nínú ibi ìpamọ́ jáde sórí kọ̀ǹpútà, á tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, á fi méjèèjì wéra. Tí wọn ò bá bára mu, wáyà kan ò jó dáadáa nìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ tíì kọ ohunkóhun. Kí nìdí? Nínú ohun tó kà jáde yẹn, àwọn kọ́kọ́rọ́ kan wà tó jẹ́ ti ẹ̀rọ yẹn nìkan. Ti ẹ̀rọ ẹlòmíì ò lè rọ́pò ẹ̀. Tó bá sọ ọ́ nù, ẹ̀rọ ti di òkúta lọ́wọ́ oníǹkan.

Ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ rẹ̀

Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí mo dárúkọ wọ̀nyí, kò sí èyí tí àgádágodo rẹ̀ ò já. Ayédàrú sídì kún Alábà. Àgádágodo ò dá olè dúró. Ta ló wá ń dá dúró títí di òní? Atúnnǹkanṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti ìgbà Xbox 360 àti PS3 ni wọ́n ti ń so dráìfù, ìyẹn ibi tí sídì ń wọ̀, pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá. Bọ́ọ̀dù kékeré kan wà lára dráìfù tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, bọ́ọ̀dù ńlá náà sì mọ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Bí tọkọtaya ni wọ́n rí. Tó bá jẹ́ lẹ́ǹsì ló ti rẹ̀, kò sí wàhálà, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀dù kékeré yẹn bá jó, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹ sì mọ iná wa: ó lè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí géèmù kan tó parí, kó sì padà dé pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnjiníà lè yọ dráìfù ojúlówó, irú kan náà, lára ẹ̀rọ mìíràn tó ti kú, kó fi rọ́pò. Á bọ́ síbẹ̀ wẹ́kú. Ẹ̀rọ á tan. Ṣùgbọ́n kò ní gba sídì géèmù kankan, kódà èyí tí ẹ fi owó yín rà. Kò mọ ọkọ tuntun yìí rí.

Àṣà yìí ò dáwọ́ dúró. PS5 kékeré tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2023 ní dráìfù tí ẹ lè yọ kí ẹ sì tún fi sí i pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kí dráìfù àti ẹ̀rọ tó mọra. Ohun tí ẹ ti sanwó rẹ̀, tó wà lórí tábìlì yín ní Bàrígà, ẹlòmíì lókè òkun ló máa sọ pé "ó yá, ẹ máa lò ó."

Ní ti Xbox 360, àwọn oníṣẹ́ wá ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n á ka kọ́kọ́rọ́ jáde látinú ẹ̀rọ, wọ́n á flash rẹ̀ sínú dráìfù tuntun. Kò sí géèmù kankan tí wọ́n dà kọ. Oníǹkan á padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ àti sídì ojúlówó rẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù á padà sẹ́nu òwò tó fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Òfin tuntun, ìbéèrè àtijọ́

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tuntun, Copyright Act 2022. Ti àtijọ́ ti wà láti 1988, nígbà ìjọba ológun, kí PlayStation tó dé ayé. Òfin tuntun yìí sọ̀rọ̀ nípa àgádágodo orí ẹ̀rọ pẹ̀lú, ó sì ka fífọ́ ọ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Mi ò bínú sí òfin náà. Ẹ rántí bí Kúnlé Afọláyan ṣe ké gbàjarè nígbà tí wọ́n da fíìmù rẹ̀, October 1, kọ ká ìgboro. Ẹni tó fi owó àti ọdún ṣe nǹkan, ó yẹ kó jẹ èrè rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà ti wà láàárín wa. Maliyo Games wà ní Èkó láti 2012. Tí a bá gbà pé géèmù jẹ́ ọ̀fẹ́ títí láé, àwọn ọmọ wa tó fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ jẹ la ń pa.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti bá ìbéèrè yìí wọ̀yá ìjà ṣáájú wa. Ní Australia, Sony gbé ọkùnrin kan tó ń ta chip PlayStation, Stevens, lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá Stevens láre. Àwọn adájọ́ ní àgádágodo Sony ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti da sídì kọ. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti dà á kọ tán ló ń kọ̀ láti gbá a. Lọ́dún kejì, wọ́n yí òfin padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti wà nílẹ̀: kí ni àgádágodo yìí ń ṣọ́ gan-an? Ní 2014, nínú ẹjọ́ Nintendo àti PC Box, ilé ẹjọ́ gíga ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sọ pé kí adájọ́ wo ohun tí àwọn èèyàn ń fi ẹ̀rọ náà ṣe ní ti gidi, kó sì wò ó bóyá àgádágodo náà ò ti ju bó ṣe yẹ lọ.

Àpẹẹrẹ tó wúlò jù fún wa wá láti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí òfin rẹ̀ ti le lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1998. Ní oṣù Kẹwàá 2021, Library of Congress wọn yọ̀ǹda pé ẹni tó ń pààrọ̀ dráìfù tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ géèmù lè la àgádágodo kọjá, tó bá ti lè dá a padà sípò lẹ́yìn àtúnṣe. Ìyọ̀ǹda náà kéré, kò sì kan títa irinṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ya ilẹ̀kùn méjèèjì sọ́tọ̀. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé eré ni ìyà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Gary Bowser, ọmọ Kánádà tó bá àwọn Team Xecuter ta chip àti ètò fún Switch, gbà ní 2021 pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù Kejì 2022, ilé ẹjọ́ ní Seattle rán an lẹ́wọ̀n oṣù 40. Gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ fún Nintendo jẹ́ mílíọ̀nù 14.5 dọ́là. Ìṣòwò àdàkọ ni wọ́n torí ẹ̀ mú un. Ọmọṣẹ́ kan ní Onípáànù tó kàn ń so dráìfù tuntun mọ́ ẹ̀rọ kọ́sítọ́mà ò yẹ kó máa sùn pẹ̀lú irú ẹ̀rù kan náà.

Tí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé, ẹ rìn wọ inú Ṣómólú díẹ̀ sí i. Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìtẹ̀wé wà. Ẹ̀rọ tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lè tẹ ayédàrú ìwé pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú dànù. Ẹni tó tẹ ìwé oníwèé ni òfin ń lé. Kí wọ́n lo ojú kan náà fún áyọ́ọ̀nù àti chip.

Ẹ̀bi tiwa náà

Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ: "Ẹ má tan ara yín. Nínú mẹ́wàá tó ń wá chip, mélòó ló ń wá àtúnṣe?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Géèmù ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń wá, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà sì ń gba owó láti kó àdàkọ géèmù kún inú ẹ̀rọ. Mi ò lẹ́yìn wọn níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá gba owó lórí géèmù tí kì í ṣe tirẹ̀ ti kúrò ní atúnnǹkanṣe, ọjà ẹlẹ́jà ló ń tà.

Wọ́n á ní géèmù ojúlówó wọ́n jù, àti pé Sony ò tiẹ̀ ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí PlayStation Store ń tajà fún. Lóòótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra géèmù níbẹ̀ láti Èkó á kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ ní ará Amẹ́ríkà tàbí London. Ìwọ̀sí ni, ó sì yẹ ká sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n ìwọ̀sí tí Sony fi kàn wá ò sọ géèmù ẹlòmíì di tiwa.

Ìkà mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí wọ́n ti flash, tí ẹni tó tà á ò sì sọ fún un. Ọjọ́ tó bá so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, iléeṣẹ́ lè tì í síta pátápátá. Microsoft ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2009, nígbà tó lé àwọn Xbox 360 tí wọ́n ti tún ṣe kúrò lórí Xbox Live. Owó ẹni tó rà á kẹ́yìn ló wọgbó, kì í ṣe ti ẹni tó flash rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gbàgbé láti bá adìyẹ wí.

Kí ló yẹ ká ṣe?

Àkọ́kọ́, Nigerian Copyright Commission, àjọ tó ń rí sí òfin yìí, ní láti sọ ọ́ kedere, ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò àti ní pídgìn, ohun tí atúnnǹkanṣe lè ṣe láìbẹ̀rù: síso dráìfù tuntun mọ́ ẹ̀rọ, kíka ibi ìpamọ́ jáde kí ó tó bàjẹ́, dídá ohun tó sọnù padà. Kí wọ́n sì sọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ òfin tó wà lórí ìwé nìkan ò lè tọ́ ẹni tó jókòó sídìí áyọ́ọ̀nù sọ́nà.

Ìkejì, UNILAG wà ní Akọ́kà, Yabatech wà ní Yábàá. Àwọn méjèèjì ò jìnnà sí Onípáànù rárá. Ọgbọ́n tí chip Switch ń lò, ìyẹn kí iná já wálẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀rọ lè ṣìṣe, àwọn ọ̀mọ̀ràn ààbò ń lò ó láti dán káàdì báńkì wò kí olè tó dán an wò. Ọmọṣẹ́ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ ti wà lójú ọ̀nà dídi ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ láti má ṣe gbà kí wọ́n tan òun. POS ti kún gbogbo kọ̀rọ̀, mítà iná alásansílẹ̀ wà lára ògiri. Ta ló ń dán wọn wò fún wa? Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí pè wọ́n wọlé, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìdí ohun tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìkẹta kan àwa kọ́sítọ́mà. Nígbà tí ẹ bá tún gbé ẹ̀rọ lọ, ẹ bi ẹnjiníà ní ìbéèrè mẹ́ta. "Bọ̀dá, ṣé ẹ máa ka ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án?" "Ṣé ẹ lè fún mi ní ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì mi?" "Tí mo bá fẹ́ tà á lọ́la, kí ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó máa rà á?" Tó bá rẹ́rìn-ín, tó ní "àbúrò, fọkàn balẹ̀, gbé e sílẹ̀," tí kò sì dáhùn ìkankan, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ máa lọ síbòmíì. Ẹni tó bá jókòó dá yín lóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníṣẹ́ nìyẹn. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí òfin wa mọ̀ yàtọ̀ sí olè.